Àdúgbò mọ̀ wọ́n, rédíò ò mọ̀ wọ́n: Ibi tọ́rọ̀ àwọn olórin ráàpù dé rèé

Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ágége kọjá nírọ̀lẹ́, nígbà táwọn èèyàn ń tibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ ó bá àwọn ọmọkùnrin bíi mẹ́fà, méje, níwájú ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlù ń jáde látinú fóònù tí wọ́n gbé sórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan láàárín wọn sì ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Kò sí máíkì lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí oníjó kankan lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìkan ló gbójú lé. Bó bá ti sọ èyí tó wọ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lára, wọ́n á pariwo hàà, ẹlòmíì á fọwọ́ bo ẹnu, ẹlòmíì á tiẹ̀ sáré dé ìdí gọ́tà kó tó padà wá. Ìyá tó ń din àkàrà lódìkejì títì á kọ́kọ́ máa ráhùn pé àwọn ọmọ tí ò níṣẹ́ ti tún dé o. Ṣùgbọ́n tó bá yá, ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu òun náà, torí òwe tí ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ po yẹn, òwe ìyá tó bí ìyá òun ni.

Ọ̀kan wà nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ẹ̀ mọ̀ dáadáa. Orúkọ ẹ̀ ò ṣe é gbé síta níbí, torí ìyá ẹ̀ ò tíì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tán. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ilé-ẹ̀kọ́ poli ló ń lọ, ó kù díẹ̀ kó gba OND. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní tó bá di pé kéèyàn fi Yorùbá ráàpù, kò sẹ́ni tó tó o láti Ìyànà Ìpájà títí dé Ọ̀gbà. Owó ilé-ìwé tí ìyá ẹ̀ fún un ní sáà tó kọjá, sítúdíò ló kó ìdajì ẹ̀ lọ. Orin kan ṣoṣo ló fi gbà sílẹ̀, orin nípa ìyá kan tó ń dá àjọ lójoojúmọ́, tí alájọ wá kó owó ẹ̀ sá lọ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì tó fẹ́ẹ́ gbà á. Àwọn tó gbọ́ orin náà ní ara àwọn bù máṣọ. Ọ̀gá tó ni sítúdíò gbọ́ ọ tán, ó mirí, ó ní, "Àbúrò, ó dáa o. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́? Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Yọ ìdajì dànù, wá ègbè tó dùn sí i, jẹ́ káwọn èèyàn rí nǹkan jó sí."

Gbólóhùn yẹn, "ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù", òun gan-an ni ìjà tó wà nídìí orin hípọ́ọ̀pù lóde òní. Ọ̀nà méjì làwọn olórin yìí pín sí. Àwọn kan wà tí rédíò mọ̀, tí wọ́n ń pè síbi ìgbéyàwó àwọn olówó, tí ilé iṣẹ́ ọtí ń fún lówó. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ àdúgbò nìkan ló mọ̀ wọ́n. "Underground" làwọn náà ń pe ara wọn, wọ́n sì ń fi yangàn. Àwọn tìsàlẹ̀ ní àwọn tòkè ti ta ẹnu wọn fún owó. Àwọn tòkè ní ebi ló ń pa wọ́n, ẹni tí kò bá rí já ló ń sọ pé òun ò fẹ́ẹ́ jáde. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ èébú tí wọ́n ń fi ráńṣẹ́ síra wọn, ẹ ó rò pé wọ́n jọ du ilẹ̀ bàbá wọn ni.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nílùú New York, ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní Bronx, níbi tí wọ́n ti bí hípọ́ọ̀pù, àríyá lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé níbẹ̀, ló lu orin níbi àríyá tí àbúrò ẹ̀ obìnrin ṣe lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1973, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn sì kà sí ọjọ́ ìbí orin náà. Fún bí ọdún mẹ́fà, ọgbà ìṣeré àti gbọ̀ngàn àdúgbò ló wà, kásẹ́ẹ̀tì táwọn ọmọ ń dà kọ lọ́wọ́ ara wọn ló ń gbé e kiri. Ìgbà tí wọ́n wá ṣe àwo tó kọ́kọ́ gbé e dé gbogbo ayé lọ́dún 1979, ìyẹn Rapper's Delight, àwọn mẹ́ta tó kọ ọ́ kì í ṣe ara àwọn tí Bronx mọ̀ sí ọ̀gá. Ọ̀kan nínú wọn, Big Bank Hank, ọ̀rọ̀ tí Grandmaster Caz ti kọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ló gbà, ó sì kà á bó ṣe wà. Hank di gbajúmọ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Caz wà ládùúgbò. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ rówó nídìí ẹ̀ ni ẹni tó lọ́rọ̀ àti ẹni tó ń jẹun nídìí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ síra.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1981 ni Ron Ekundayo ti ṣe àwo tiẹ̀, The Way I Feel, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ráàpù gbọ́dọ̀ máa fimú sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà, bí kò tiẹ̀ kọjá Ìdí-Ìrókò rí láyé ẹ̀. Junior and Pretty fi pijin gbé tiwọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999 yẹn, àwọn èèyàn sì gbádùn ẹ̀. Nígbà tí àsìkò náà ń lọ sópin, àwọn Remedies, ìyẹn Eedris Abdulkareem, Tony Tetuila àti ẹnì kejì wọn Eddy, po Yorùbá mọ́ pijin mọ́ òyìnbó nílé iṣẹ́ Kennis Music. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Síbẹ̀, iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni Yorùbá inú ẹ̀, kì í ṣe ọbẹ̀ gan-an.

Ẹni tó wá dúró lórí ẹ̀ pé Yorùbá pọ́ńbélé lòun máa fi jẹun ni Lord of Ajasa, ọdún 2000 sí 2009 ló ṣe bẹbẹ. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Wọ́n ní orin àwọn ọmọ ìta ni, orin àwọn tó ń gbowó ọkọ̀ ní gáréèjì. Ẹ wò ó, ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ máa mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ sí fújì náà. Kí ni fújì kó tó di fújì? Wéré ni. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí àdúgbò ló ń lù ú kiri lóru nínú oṣù àwẹ̀, kí wọ́n fi jí àwọn èèyàn sí sààrì. Kò sẹ́ni tó ń pe oníwéré sórí ìjókòó àwọn ẹni ńlá. Ìgbà tí Síkírù Àyìndé Barrister tún un ṣe, tó sọ ọ́ ní fújì, àwọn ẹni ńlá yẹn náà ló ń tò lórí ìlà láti ná an lówó. Bí Yorùbá ṣe ń ṣe sí orin tó bá jáde láti ìsàlẹ̀ rèé: wọ́n á kọ́kọ́ yínmú, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ bàtà jó o.

Ẹni tó mú kí wọ́n bọ́ bàtà fún ráàpù Yorùbá ni Dagrin. Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun lorúkọ ẹ̀, Méìrán, lọ́nà Alágbàdo, làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ọdún 2006 ló ti ṣe àwo àkọ́kọ́, Still on the Matter, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíì ì bá ti padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ní 2009, ló gbé C.E.O. jáde. Ẹ má rò pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló ń pe ara ẹ̀ o; ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú lẹ́tà mẹ́ta yẹn, "Ọmọ ìta" ni. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú u ló mú, ó fi ṣe oyè, ó wá jókòó sórí ẹ̀. Orin Pon Pon Pon àti Kondo gba ìgboro kan. Kì í ṣe pé ó kọ orin tó rọrùn láti jó sí nìkan, ọ̀rọ̀ kún ẹnu ẹ̀ bámú: ebi, ọlọ́pàá, ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀, ilé tí òjò ń wọ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì tí kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tẹ́lẹ̀ wá ń kọ́ orin ẹ̀ sórí bí ẹni kọ́ ìwé ìdánwò.

Kò pẹ́ jayé òkìkí ọ̀hún. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2010, ọkọ̀ tó ń wà lọ forí sọ tírélà tó dúró ní Muṣin. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà ló kú ní ọsibítù LUTH, Ìdí-Àràbà. Gbogbo ìlú Èkó lọ̀rọ̀ náà dùn, títí kan àwọn ìyá tí ò lè ka ìlà kan nínú orin ẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni Barrister náà kú sí London. Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n sin ẹni tó gbé fújì jáde látinú wéré, àti ẹni tó gbé ráàpù Yorùbá jáde látinú gọ́tà. Lọ́dún 2011, wọ́n tiẹ̀ ṣe fíìmù kan nípa ìgbésí ayé Dagrin, Ghetto Dreamz ni wọ́n pè é.

Ọdún tí Dagrin kú náà ni ọmọ Bariga kan gbé orin Eni Duro jáde, Ọlámídé ni. ID Cabasa, ọ̀gá Coded Tunes, ló wà nídìí ẹ̀. Àwo Rapsodi tẹ̀ lé e ní 2011, nígbà tó sì di 2012, ó dá YBNL tiẹ̀ sílẹ̀. Nígbà náà, kò sí ìgboro tí wọn ò ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀ l'Ékòó. Reminisce náà wà níbẹ̀, àwo Book of Rap Stories ẹ̀ jáde ní 2012, Alága Ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2013. Nígbà tó di 2015, Reminisce, Ọlámídé àti Phyno, tó ń fi Íbò ráàpù ní tiẹ̀, jọ ṣe orin kan tí wọ́n pè ní Local Rappers. Àwọn tó ń fi òyìnbó ráàpù gba ọ̀rọ̀ náà sára, wọ́n ní àwọn ni wọ́n ń bá wí. Ariwo yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lánàá ti dé òkè, ó ti ń wo àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni àlejò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá yí sí nìyí. Àdúgbò ti borí, ṣùgbọ́n ráàpù gan-an wá ń sá padà sísàlẹ̀. Ijó ló gba ipò ọ̀rọ̀. Shoki lọ́dún 2014, Shaku Shaku tó tẹ̀ lé e, Zanku ti Zlatan lẹ́yìn ẹ̀, ijó ni gbogbo wọn, orin kàn ń tẹ̀ lé ijó lẹ́yìn ni. Ọlámídé fúnra ẹ̀, àwo tó ṣe ní 2020, Carpe Diem, àti èyí tó ṣe ní 2021, UY Scuti, ẹ gbọ́ wọn dáadáa, orin kíkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó gbà wọlé sí YBNL tó wá lókìkí jù, Adékúnlé Gold, Fireboy DML, àti Asake tó dé lọ́dún 2022, kò sí olórin ráàpù kan nínú wọn. Reminisce, tí àwọn tó mọ̀ ráàpù kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣeré, fíìmù King of Boys ti ọdún 2018 lọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa fi mọ ojú ẹ̀. Makanaki ni wọ́n ń pè é lójú títì.

Ẹ tún wo àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Headies. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, Hip Hop World Awards lorúkọ ẹ̀. Nígbà tó di 2011, wọ́n yí orúkọ padà, hípọ́ọ̀pù sì kúrò lára ẹ̀. Wọ́n ṣì ń fún olórin ráàpù lẹ́bùn níbẹ̀ o, wọ́n tiẹ̀ ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ jinlẹ̀ jù. Àmọ́ ẹni tó ni ilé tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n fún ní yàrá kan nínú ẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn olórin wọ̀nyí burú. Ẹni tó bá bú Ọlámídé pé ó fi ráàpù sílẹ̀, kó kọ́kọ́ ka iye ẹni tó ń jẹun nídìí ẹ̀. Oníṣòwò tó bá rí i pé ẹ̀kọ ò tà mọ́, tó wá ń ta búrẹ́dì, kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó tún ń na ọwọ́ sísàlẹ̀. Nígbà tí Portable ń pariwo kiri nípìńlẹ̀ Ògùn tẹ́nikẹ́ni ò kà á sí, Ọlámídé ló fi ohùn sí Zazoo Zehh fún un ní òpin ọdún 2021, ni gbogbo Nàìjíríà bá gbọ́.

Owó ló wà nídìí ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ọjà Alábà l'Ójòó ni orin ń gbà jáde, máákẹ́tà ló ń pàṣẹ. Ó lè rẹ́ ọmọ jẹ, àwọn tó ń dà á kọ láìgbàṣẹ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ tiwọn, ṣùgbọ́n bí síídì bá ti wọ inú dánfó àti ṣọ́ọ̀bù agẹrun, àwọn èèyàn máa jókòó gbọ́ ọ tán, torí kò sóhun míì tí wọ́n lè ṣe nínú gosúló. Nísinsìnyí, inú fóònù ni. Audiomack, Boomplay, Spotify tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2021, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Lójú ẹni tí ò mọ̀, ó dà bíi pé ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, torí ọmọ tó wà l'Ágége lè gbé orin ẹ̀ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun máa san fún àwọn ọmọ tó ń jó lórí TikTok, kí wọ́n jó sí tiẹ̀. Àwọn tó ń jó yìí ò sì nílò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kí lèèyàn fẹ́ẹ́ sọ nípa alájọ tó sá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Kí ó tó pe orúkọ alájọ tán, wọ́n ti jó o kọjá. Ní ti rédíò, ẹ̀gúnjẹ ò tíì tán níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ tó bá gbé orin lọ lọ́wọ́ òfo, ọwọ́ òfo ló máa gbé padà sílé.

Síbẹ̀, kò yẹ ká pọ́n àwọn tìsàlẹ̀ náà kọjá bó ṣe yẹ. Púpọ̀ nínú wọn, bẹ́ ẹ bá gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti gbọ́ wọn tán. Àwọn ló mọ ọ̀rọ̀ sọ jù, àwọn ló nígbó jù, àwọn lobìnrin ń tẹ̀ lé jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ò rówó wọ kẹ̀kẹ́ délé. Ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀ yára bí ẹ̀rọ ìlọta láti fi bo pé kò rí nǹkan kan sọ. Lọ́dún 2017, M.I Abaga kọ orin kan tó fi bá àwọn olórin ráàpù ilẹ̀ yìí wí pé kí wọ́n lọ tún ayé ara wọn ṣe. Inú bí ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ irọ́ kọ́ ló pa. Nígbà tó sì di 2023, Odumodublvck láti Àbújá fi hàn pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ṣì lè fi ráàpù jáde: orin tó pè ní Declan Rice, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal l'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló lò ó nígbà tí wọ́n ń kéde pé àwọn ti ra ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe orin náà. Bẹ́ẹ̀, kò jó dìde. Ohùn ẹ̀ le bí òkúta ni.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún Yorùbá kò kéré. Àwọn ọmọ tó ń ráàpù níwájú ṣọ́ọ̀bù agẹrun yẹn, nílé ìwé tí wọ́n lọ, wọ́n lè ti nà wọ́n fún sísọ Yorùbá nínú kíláàsì. Kò sẹ́ni tó rán wọn láti kó òwe jọ. Síbẹ̀, àwọn ló ń lọ bi ìyá àgbà pé "kí ni wọ́n ń pe báyìí?", nítorí wọ́n fẹ́ kí ìlà kejì bá ìlà kìíní mu. Orin ijó ò nílò ìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó bá ti dùn létí, ó tó o.

Ọmọ Agége yẹn, orin ẹ̀ ti di méjì lórí fóònù ẹ̀ báyìí. Ó padà sí sítúdíò, ó ṣe èyí tí ọ̀gá ní kó ṣe: wọ́n yọ ìdajì ọ̀rọ̀ dànù, wọ́n fi ègbè sí i, ìlù ń dún kíkankíkan. Èyí tó gùn ni agẹrun máa ń gbé sí i fún àwọn oníbàárà ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ìrun dídì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní èyí tó ní ègbè ló dáa, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n jó. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti pín sí méjì lórí ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ tó kọjá. Ọ̀gá sítúdíò ń pè é lórí fóònù pé kó mú owó wá kí àwọn gbé èyí tó ní ègbè jáde.

Ìyá ẹ̀ ò gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tóun ń béèrè ni ìgbà tí poli máa lẹ èsì ìdánwò mọ́ ara ògiri. Kò mọ̀ pé ìdajì owó tóun fún ọmọ òun kò dé ilé-ìwé, kò sì mọ̀ pé ìyá tí alájọ kó owó ẹ̀ sá lọ nínú orin yẹn, òun ni. Ọmọ náà ní tó bá di ọjọ́ Àìkú, tí ìyá òun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó ti jẹun, òun máa jókòó tì í, òun máa jẹ́wọ́ owó náà, òun á wá gbé fóònù sí i létí. Èyí tó gùn lòun máa gbé sí i.